Ìlà Ẹfun Lára Òpó Ilẹ̀kùn

Ìlà márùn-ún ló wà lára òpó ilẹ̀kùn náà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹfun ni wọ́n fi fa mẹ́ta nínú wọn, èédú ni wọ́n fi fa ìkẹrin, ìṣó ni wọ́n sì fi ha ìkarùn-ún wọnú igi, bí ẹni pé inú ń bí ẹni tó ha á. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò ju ọrùn ẹsẹ̀ mi lọ. Èyí tó ga jù dé ìbàdí mi, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe èèyàn kúkurú. Láfẹnwá ní Abẹ́òkúta ni ilé náà wà, kò jìnnà sí Ẹnu-Gada rárá. Ìyá kan tó ń yan ẹja ló ni ín. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà kò sì pè é lórúkọ mìíràn títí tó fi kúrò níbẹ̀.

Tanwíjí ni mo wá wò lọ́jọ́ náà, kì í ṣe odò ló gbé mi wá. Wolé-wolé ni mí. Fún ọdún tó lé ní 30, iṣẹ́ mi ni kí n wọ ilé onílé, kí n ṣí àmù wò bóyá tanwíjí ń jó nínú rẹ̀, kí n yọjú sí ẹ̀yìnkùlé bóyá ṣálángá kò súnmọ́ kànga jù, kí n wo gọ́tà, kí n wo àkìtàn. Àwọn ará Abẹ́òkúta ìgbà náà mọ ìró bàtà wa. Bí ọmọdé kan bá ti ké “wolé-wolé ń bọ̀ o!”, ẹ ó máa gbọ́ ṣààà, ṣààà, láti agboolé dé agboolé, tí wọ́n ń da omi àmù nù kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ẹlẹ́ja kò da nǹkan kan nù. Ó jókòó ti ààrò rẹ̀, èéfín bò ó lójú, ó ní, “Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ káàárọ̀. Àmù rèé, ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti wò ó tán, ẹ bá mi wo ti odò náà.”

Mo bá a wo àwọn ìlà tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí omi dé. Mo bi í pé ọdún wo ni ti ìsàlẹ̀. Ó ní ọdún tí òun gba igbá ẹja lọ́wọ́ ìyá ọkọ òun. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ọdún tí òun bí àbíkẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi ìṣó ha? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní baba àwọn ọmọ òun ló ha ìyẹn, ọdún tó ra rédíò tuntun tí omi gbé rédíò lọ. Báyìí la ṣe ka òpó náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. N kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi rán wa níṣẹ́ ní ojú fún àmù, ó ní ojú fún ṣálángá, ó ní ojú fún gọ́tà. Kò ní ojú fún odò. Mo sàmì síbi tí wọ́n kọ tanwíjí sí pé kò sí, mo kí ìyá, mo wọ ilé kejì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìlà márùn-ún yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn ju gbogbo èèyàn tí mo gbé lọ sí kóòtù lọ.

Odò Ògùn ni o, kì í ṣe Ògún. Mo ní láti sọ ọ́, nítorí àwọn ọmọ ìwòyí ń pe odò bí ẹni ń pe òrìṣà alágbẹ̀dẹ. Odò tí ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí ṣẹ̀ láti àwọn òkè tó wà lágbègbè Ṣakí, ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ̀ kalẹ̀, odò Ọ̀yán wá bá a lókè Abẹ́òkúta, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ìlú wa gba ìsàlẹ̀ lọ títí tó fi bọ́ sínú ọ̀sà l’Ékòó. Yemọja ni àwọn tó ń bọ odò náà ń bọ, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní Ìbarà títí di òní olónìí. Èmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé ẹni tó ń bọ odò kì í tẹ́ ẹní sínú rẹ̀ sùn. Ó máa ń lọ bá a ni, yóò kúnlẹ̀, yóò ṣe ohun tó bá wá ṣe, yóò padà sílé lórí òkè.

Àwọn baba wa náà kò kúkú sùn níbẹ̀. Ọdún 1830 ni Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ, ẹ sì wo ibi tí wọ́n ta àgọ́ sí: ẹ̀gbẹ́ òkúta, àárín òkúta, orí òkúta. Ogun ni wọ́n ń sá fún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá fún ogun sórí òkè ti sá fún omi náà mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n mọ odi, níhà Arò, odi wà láàárín ìlú àti odò. Ohun kan wà nínú ìtàn ogun Dàhómì tí n kò tíì gbọ́ kí olùkọ́ kankan tọ́ka sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbógun dé ẹnu odi wa, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851 àti ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864. Oṣù kẹta ni méjèèjì. Ẹni tó bá ti dúró ní bèbè odò Ògùn nínú oṣù kẹta mọ ìdí rẹ̀. Nígbà náà, odò a ti fà, yanrìn a yọ, òkúta a yọ orí, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ogun kan gbìyànjú rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án kí ẹ wò ó! Ọ̀tá tó ti Àbọ̀mẹ́ wá mọ ìgbà tí odò wa ń kún àti ìgbà tó ń fà. Ó dùn mí pé ọ̀tá mọ̀ ọ́n ju àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ní Láfẹnwá lọ.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe ní bèbè odò láyé ìjọ́un. Arò ni èbúté: ibẹ̀ ni ọkọ̀ àjẹ̀ láti Èkó ń gúnlẹ̀ sí, tí epo pupa àti òwú ń gbà lọ, tí iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó ń gbà wọlé. (Lónìí, bí ẹ bá pe Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò di ọ̀gá rẹ̀ ní 1954 ni gbogbo èèyàn ń rò, ẹnikẹ́ni kò rántí èbúté mọ́.) Ẹni tó bá kó ẹrù sílẹ̀ ní èbúté kì í sùn tì í. Àwọn aláàárù a gbé e gun òkè wọ ìlú.

Ọkọ̀ ojú irin ló yí i padà. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irin ní 1896, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 1901, ọ̀nà náà ti gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá dé Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ Láfẹnwá sọ ẹ̀gbẹ́ odò di ojú ọjà. Àwọn tó ń kó gàrí, ẹ̀lùbọ́ àti àgbàdo bọ̀ láti ọ̀nà Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ ń já ẹrù níbẹ̀. Àwọn Hausa tẹ̀dó sí Sábó. Pákó dé, àwọn onímààlúù dé, ilé ìpẹran dé. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń fọn fèrè lọ́sàn-án àti lóru, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ yóò fẹ́ sùn nítòsí. Ó kọ́kọ́ kọ́ àtíbàbà. Àtíbàbà di ṣọ́ọ̀bù. Yàrá kan yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, yàrá bí yàrá, páànù kan wá bo gbogbo rẹ̀. N kò bá wọn jà o. Bí èmi náà bá jẹ́ aláàárù tó gbọ́dọ̀ wà ní ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ibẹ̀ ni n bá háyà ilé sí.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú, èrò ya wọ̀lú. Akọ̀wé dé, olùkọ́ dé, bíríkìlà dé. Ilé kò tó. Ilẹ̀ orí òkè wọ́n, ilẹ̀ bèbè odò kò wọ́n, nítorí ẹni tó ni ín mọ ohun tó ń tà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú àbàtà, wọ́n da ìdọ̀tí lé e, wọ́n da yanrìn díẹ̀ lé ìdọ̀tí, wọ́n sì wá gbé bíríkì lé gbogbo rẹ̀ lórí. Mo fún onílé kan ní nótíìsì. Ó bi mí pé, “Ọ̀gá, àwọn tó kọ́lé síwájú mi ńkọ́?” N kò rí èsì fún un. Àwọn tó kọ́lé síwájú rẹ̀ náà ti bi ọ̀gá mi báyẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa títì, nítorí èèyàn lè máa gbé níbẹ̀ kí ó má kíyè sí i. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé Ìyá Ẹlẹ́ja, àtẹ̀gùn mẹ́ta ni wọ́n ń gùn láti ojú títì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ibẹ̀ hàn mí. Wọ́n tún títì ṣe, wọ́n da ọ̀dà lé ọ̀dà, àtẹ̀gùn kan wọlẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, méjì wọlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé náà ń sọ̀ kalẹ̀ ni, bí ẹni ń wọ kòtò. Onílé náà kò jókòó lásán. Òun náà ń da ilẹ̀ yàrá ga, ó ń da sìmẹ́ńtì lé sìmẹ́ńtì, títí tí èmi tí mo ga bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tẹrí kí n tó lè gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Títì ń ga, ilẹ̀ yàrá ń ga, òrùlé ńkọ́? Òrùlé dúró síbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe ń wọlẹ̀ láìwó.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ máa ń rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo omíyalé. Oríṣi méjì ló ń wá sí Láfẹnwá, ìwà wọn kò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni ti odò fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í yára. Òjò tó rọ̀ lókè, ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ni yóò kó ara jọ wá. Ọ̀yán náà sì ní dáàmù lórí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1983, tí kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 20 sí Abẹ́òkúta lọ. Omi tí adágún náà lè gbà tó mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 270. Wọ́n ṣe é kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu, kí àgbẹ̀ lè rí omi rin oko. Wọ́n gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta sínú rẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ ọdún fi kọjá láìtan gílóòbù kan. Dáàmù máa ń gba omi òjò sílẹ̀, èyí sì dára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti gbà wá lọ́wọ́ ìkún omi tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá tí ikùn rẹ̀ ti kún, àwọn tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ lè fọ́, kí ìyẹn sì wá di ọ̀rọ̀ mìíràn. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ yóò wá bá Ògùn tó ti kún tẹ́lẹ̀. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu rèé: oòrùn lè máa ràn ní Láfẹnwá, aṣọ ń gbẹ lórí okùn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, omi á sì máa gun ẹ̀yìnkùlé díẹ̀ díẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja máa ń ri igi kan mọ́lẹ̀ ní bèbè, á sì lọ wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí omi bá ti gba orí igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí sórí àjà.

Irú èyí ló dé nínú oṣù kẹwàá ọdún 2007. Igi kò wúlò mọ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo dé ibẹ̀. Omi ti fà, ó ti fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ lórí ohun gbogbo, ẹrẹ̀ pupa tó ń yọ̀ bí ilá. Bẹ́ẹ̀dì dúró ní òró ti ògiri. Fíríìsà tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi àjà ṣì ń rọ̀ níbẹ̀, bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà. Ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n sá sórí odi, ewé kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìkejì. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ti odò nìkan; ṣálángá ti bẹ́, ilé ìpẹran sì wà lókè odò. Kànga mẹ́fà ni mo da kọlórín sí lọ́jọ́ náà, mo sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, nítorí ohun tí wolé-wolé máa ń bẹ̀rù lẹ́yìn omíyalé kì í ṣe omi, onígbáméjì ni. Ìyá Ẹlẹ́ja dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó na ẹfun sí mi, ó ní ọwọ́ òun kò ká a. Èmi ni mo fa ìlà kẹfà. Ó dé àyà mi.

Oríṣi kejì kì í rán igi níṣẹ́. Orí òkúta ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó, òkúta kì í sì mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí Olúmọ àti àwọn àpáta ẹgbẹ́ rẹ̀, sórí páànù tí ó kan ara wọn láti Aké dé Ìtòkú, gbogbo rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣòkòrì àti àwọn odò kékeré bíi tirẹ̀ ló yẹ kó gbé e lọ bá Ògùn. Ṣùgbọ́n a ti gba ilẹ̀ Ṣòkòrì lọ́tùn-ún, a gba lósì, a da ọ̀rá omi tútù àti ìdọ̀tí ọjà sínú èyí tó kù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2018, òjò rọ̀, kò sì pẹ́ rárá tí àgbàrá fi ń gbé mọ́tò ní Kútọ̀ àti Ìjeùn-Títun. Ẹ̀mí ṣòfò, ọmọdé wà nínú wọn. Láfẹnwá tó wà nísàlẹ̀ gba tirẹ̀ láti òkè ìlú, láìjẹ́ pé odò fúnra rẹ̀ kúrò ní bèbè. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Mo jókòó ti rédíò, wọ́n ń dárúkọ àwọn àdúgbò, mo sì mọ gọ́tà tó wà ní ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mo mọ èyí tí a kò kó. Mo mọ èyí tí ẹnìkan kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lórí, tí mo fún un ní nótíìsì, tó bẹ̀ mí, tí mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sùn wá, pé wolé-wolé ń gba rìbá. Àwọn kan gbà á. Èmi ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni, n kò sì mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lójú àgbàrá.

Lẹ́yìn ti 2007, wọ́n kó wa jọ pẹ̀lú àwọn tó ń rí sí ilé kíkọ́, wọ́n ní ká lọ kọ X pupa sára gbogbo ilé tó wọ inú odò jù. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan tán lọ́wọ́ wa kí ó tó di ọ̀sán. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ni àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wa, wọ́n ń ka “ẹ́ks, ẹ́ks”. Bàbá kan jáde, ó wo tirẹ̀, ó wọlé lọ mú ọ̀dà búlúù, ó kùn ún mọ́lẹ̀ kí a tó dé orígun. Àṣẹ pé ká padà wá wó wọn kò dé. Wọ́n ní ká ṣì dúró ná. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń júwe ilé rẹ̀ fún àlejò lórí fóònù: “Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí tó ní X lára, ẹ yà sọ́tùn-ún.” N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mú àmì wa ṣe nọ́ḿbà ilé.

Ẹ má rò pé wíwó ilé ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Níbo ni ẹ ó kó wọn lọ? Ní Hólàńdì, ní Lent tó kọjú sí ìlú Nijmegen, wọ́n sún ògiri ilẹ̀ tó ń dí odò Waal sẹ́yìn ní mítà 350 kí odò lè rí àyè. Nǹkan bí àádọ́ta ilé ni wọ́n kó kúrò, wọ́n sì sanwó fún àwọn onílé. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé wọn kí ó tó sá lọ. Nítòsí wa níhìn-ín, Ìbàdàn ti rí omíyalé odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ìyà náà ló sì jẹ́ kí wọ́n wá la ojú odò náà, kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Ìyà tiwa kò tíì tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Mo ti pa á fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láìmọye ìgbà. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé òwe náà gbára lé onílé. Ní Láfẹnwá, onílé ti kó lọ. Àwọn tó rí owó kọ́lé sí Ọbáńtokò àti Àsẹ́rò lọ ṣáájú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ọmọ wọn ríṣẹ́ l’Ékòó. Ọkọ̀ ojú irin náà kúrò: ti àtijọ́ ti ń dákú dájí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n sì ṣí ti tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Ládẹ̀rín ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta sí, wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká sọ ọ́. Ibi tó dáa ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó jìnnà sí omi. Ọjà Láfẹnwá ṣì ń kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ sí. Ẹ dúró di alẹ́ ná. Ilé tí ẹbí kan ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di yàrá mẹ́wàá tí wọ́n ń háyà lóṣooṣù, onílé kò wá mọ́ àyàfi ọjọ́ owó. Ayálégbé tó bá rí omi lẹ́ẹ̀kan yóò kó lọ. Ẹlòmíràn tó gbọ́ pé owó ilé kò wọ́n yóò kó dé. Ẹni tó dé náà kò mọ igi tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un.

Ìyá Ẹlẹ́ja lọ bá ọmọ rẹ̀ l’Ọ́báńtokò ní ọdún kejì tí mo fa ìlà kẹfà. Kò fẹ́ lọ. Ó ní ẹja kì í tà lórí òkè. Ó ti papòdà báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Láìpẹ́ yìí ni mo ra ẹja ní Láfẹnwá, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló wà nínú yàrá iwájú. Wọ́n ti kun gbogbo ara ògiri àti ilẹ̀kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Mo tẹrí, mo wọlé. Mo fi ọwọ́ pa òpó ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo ń wá ibi tí wọ́n fi ìṣó ha, mo sì rí i lábẹ́ ọ̀dà, bí àpá ilà lójú arúgbó. Ọmọ náà dìde. “Bàbá, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ṣé kò sí o?” Mo ní kò sí. Mo dúró ti òpó náà, mo na ara mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sí i ní déédéé àyà. Mo wá rántí pé wọ́n ti da ilẹ̀ yàrá ga sí i, mo sì sún ọwọ́ mi wálẹ̀ díẹ̀.

Ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún un. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wo àwọn fóònù tí wọ́n kó fún un ṣe nínú agolo bisikíìtì nílẹ̀. Ó mú báírò, ó fa ìlà sí abẹ́ ọwọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ó lè mú lórí ọ̀dà. “Ọdún wo ni, Bàbá?”

Mo ní 2007. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

Mo fi ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà hàn án, ó ń fa ìlà, mo ń tọ́ka. Mo rántí igbá ẹja, mo rántí àbíkẹ́yìn, mo rántí rédíò tuntun. Ó gbé báírò dání, ó ń dúró kí n pe ọdún.